Bí Ìlú Ṣe Ń Gbaradì Láti Gba Ìdíje Àgbáyé Lálejò: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Èkó Mọ̀

Ìdíje eré ìdárayá àgbáyé kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí adarí eré bá fun fèrè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀, tí wọ́n ń la gọ́tà, tí àwọn dókítà ń ka iye ibùsùn tó wà ní ilé ìwòsàn, tí àwọn ọlọ́pàá sì ń ro bí wọn yóò ṣe darí ọkọ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìlú tí kò bá tún ilé ara rẹ̀ ṣe, tí ó wá pe gbogbo ayé jọ, àbùkù ara rẹ̀ ni yóò fi hàn wọ́n.

Nínú àlàyé yìí, a ó wo àwọn ìdíje ńlá tí Èkó ti gbà lálejò láti ọdún 1973, a ó wo èyí tí ó bọ́ mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́, a ó sì to ìmúrasílẹ̀ tí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ń béèrè lẹ́sẹẹsẹ. A ó sọ ohun tí òfin wí fún ẹni tí ilẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ bá bọ́ sí ojú iṣẹ́, àti ohun tí ó tọ́ kí olúkúlùkù ṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé owó ará ìlú ni a fi ń kọ́ pápá, ojú ọ̀nà ará ìlú ni a ń tì, àdúgbò ará ìlú sì ni pápá náà yóò wà nígbà tí àlejò bá ti lọ.

Èkó àti àwọn àlejò rẹ̀

Èkó kọ́ ni ó kọ́kọ́ gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, Dick Tiger na Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò akọni àgbáyé. Ìjà irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò lè tẹ̀síwájú mọ́. Pápá náà ni a ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kan Èkó. Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ ti wáyé ní Brazzaville ní ọdún 1965. Bamako, olú ìlú Mali, ni ó yẹ kí ó gba èkejì, ṣùgbọ́n ìfipágbàjọba ọdún 1968 ní orílẹ̀-èdè náà dí i lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, Èkó ni wọ́n gbé e fún. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ogun abẹ́lé tí ó parí ní oṣù Kìíní, ọdún 1970. Nítorí náà, ó di ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 18, oṣù Kìíní, ọdún 1973 kí ìdíje náà tó wáyé.

Ìmúrasílẹ̀ ọdún náà bọ́ sí àkókò tí nǹkan púpọ̀ ń yí padà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, gbogbo ọlọ́kọ̀ Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ojú ọ̀nà, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 1973, ọjọ́ mẹ́fà péré kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ọlọ́jà tí yóò ta ọsàn fún àlejò ní láti kọ́ owó tuntun pọ̀ mọ́ èdè àlejò. Pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Sùúrùlérè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún 1972 ni, ó sì lè gba 55,000 òǹwòran. Níbẹ̀ ni Filbert Bayi, ará Tanzania, ti sáré ju Kipchoge Keino ti Kenya lọ nínú eré 1,500 mítà, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà sì gba wúrà lẹ́yìn tí wọ́n fi ayò méjì sí òdo borí Guinea.

Ní oṣù Kẹta, ọdún 1980, Èkó àti Ìbàdàn jọ gba Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lálejò. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Nàìjíríà fi ayò mẹ́ta sí òdo na Algeria ní Sùúrùlérè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1999, nígbà tí orílẹ̀-èdè ń múra láti padà sí ìjọba alágbádá, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ wáyé ní ìlú mẹ́jọ, Èkó sì ni wọ́n ti gbá àṣekágbá, níbi tí Spain ti fi ayò mẹ́rin sí òdo borí Japan. Ní ọdún 2000, Nàìjíríà àti Ghana jọ gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lálejò lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Zimbabwe. Àṣekágbá ọjọ́ 13, oṣù Kejì, náà tún wáyé ní Sùúrùlérè, Cameroon sì fi góòlù pẹnáritì borí wa. Ní ọdún 2009, Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ìlú mẹ́jọ tí ó gba ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ. Pápá ìṣeré Teslim Balógun, tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ yìí, ni Èkó lò.

Ìgbà tí àlejò kò dé

Nàìjíríà ni ó yẹ kí ó gba ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1995. Nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́lé, àjọ FIFA gbé e kúrò, wọ́n sì gbé e lọ sí Qatar. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àjàkálẹ̀ àrùn ń bà wọ́n lẹ́rù. Oṣù Kẹrin ọdún náà ni wọ́n gbá a ní Doha. Ọdún mẹ́rin gbáko ni a fi dúró kí irú àǹfààní yẹn tó tún wá.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò lọ́jú pọ̀. Pápá tí ó dára nìkan kò tó. Omi tí ènìyàn ń mu, àkìtàn tí a kó tàbí tí a kò kó, gọ́tà tí ó ń ṣàn tàbí tí ó dí, gbogbo wọn ni ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe àbẹ̀wò ń wò. Bí ìdíje bá bọ́, kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó pàdánù. Ẹni tí ó yá owó láti tún hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe, ẹni tí ó ra ọkọ̀ láti máa fi gbé àlejò, àti alásè tí ó ti san àsansílẹ̀ fún ẹran, gbogbo wọn ni àdánù náà kàn.

Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, Èkó ti fi hàn pé àrùn kò gbọdọ̀ borí ìlú tí ó bá wà lójúfò. Ní oṣù Keje, ọdún 2014, àrùn Ebola ti ọwọ́ aláìsàn kan wọ ìlú yìí. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti wá gbogbo ẹni tí ó ti fara kan aláìsàn. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn 20 ni ó kó o, 8 nínú wọn ni ó kú. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ń retí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àlejò gbọ́dọ̀ ní ṣáájú, kí ó má jẹ́ ìgbà tí àrùn bá dé ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.

Ohun tí ìdíje ń béèrè lọ́wọ́ ìlú

*Pápá ìṣeré.* Kíkọ́ pápá a máa gba àkókò ju bí a ti rò lọ. Ọdún 1984 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pápá Teslim Balógun; ọdún 2007 ni ó tó parí. Ọdún 23 nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn àjọ àgbáyé fi máa ń béèrè pé kí pápá ti parí, kí wọ́n sì ti lo ó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kéékèèké, kí ìdíje gan-an tó dé. Lára ohun tí wọ́n ń wò ni koríko, iná alẹ́, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àyè àwọn tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, àti iye ẹnu ọ̀nà àbájáde.

*Ààbò òǹwòran.* Ní àṣekágbá ọdún 1980, àkọsílẹ̀ sọ pé nǹkan bí 85,000 ènìyàn ni ó wọ pápá tí a kọ́ fún 55,000. Inú gbogbo wa dùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni. Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 2001, ní Accra, ènìyàn 126 ni ó kú nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí àárín òǹwòran, tí wọ́n ń sá lọ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tì pa. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2022, ènìyàn 8 kú ní ẹnu ọ̀nà pápá kan ní Yaoundé nígbà Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, kì í ṣe inú pápá ni ikú ti wá, ẹnu ọ̀nà ni. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá sọ fún yín pé ẹnu ọ̀nà kan ti kún, ẹ má ṣe tì í. Bí ẹ kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe lọ sí àyíká pápá. Ẹ wò ó nílé lórí tẹlifíṣọ̀n.

*Ojú ọ̀nà.* Èkó ń fi eré sísá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọọdún. Láti oṣù Kejì, ọdún 2016 ni eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti ìlú Èkó ti bẹ̀rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 42. Iwájú pápá Sùúrùlérè ni wọ́n ti gbéra, wọ́n sì gba orí afárá Third Mainland kọjá. Ẹni tó ń gbé ní Yábàá tàbí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí wọ́n ti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìdíje tí yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ kan. Ọkọ̀ BRT tí a ní láti ọdún 2008, ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, àti Red Line tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2024, ni wọ́n jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti gbé èrò púpọ̀ láìsí pé gbogbo ènìyàn gbé mọ́tò tirẹ̀ jáde.

*Ìlera.* Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ní àyè fún àlejò láìlé ará ìlú kúrò lórí ibùsùn. Ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ kódà ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti ọ̀nà yòókù. Obìnrin tí ó ń rọbí ní ọjọ́ àṣekágbá kò lè sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé kí ó dúró di ìgbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán.

Bí ilẹ̀ tàbí ilé rẹ bá bọ́ sí ojú iṣẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dun ará ìlú jù lọ nìyí. Nígbà tí Rio de Janeiro ní Brazil ń gbaradì fún Òlíḿpíìkì ọdún 2016, wọ́n wó ọ̀pọ̀ jù lọ ilé tó wà ní àdúgbò Vila Autódromo, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ìdíje. Nǹkan bí ìdílé 20 péré ni wọ́n kọ́ ilé tuntun fún níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti takú fún ọdún púpọ̀. Ó yẹ kí ará Èkó mọ ohun tí òfin ti Nàìjíríà wí kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dé.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ní abala 28, fún gómìnà ní agbára láti gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n abala 29 sọ pé owó gbà-máà-bínú gbọ́dọ̀ wà. Ẹ fi etí sílẹ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ lè tà á lọ́jà ni òfin ní kí wọ́n san. Owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba ní ọdún tí wọ́n gbà á ni. Lórí ilé, iye tí yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti gbígbó rẹ̀ kúrò. Lórí ohun ọ̀gbìn pẹ̀lú, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí iye owó rẹ̀. Abala 33 sì fi àyè sílẹ̀ kí ìjọba fún ẹni tí ilé ìgbé rẹ̀ bọ́ sí i ní ibòmíràn láti máa gbé dípò owó. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 44, sọ pé kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú láìfi falẹ̀, ó sì fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí ilé ẹjọ́.

Nítorí náà, ohun tí kò sí nínú ìwé yóò nira láti san owó fún. A gbà yín nímọ̀ràn láti tọ́jú nǹkan wọ̀nyí láti ìsinsìnyí, yálà ìdíje ń bọ̀ tàbí kò bọ̀:

– ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí C of O, tàbí ìwé rírà ilẹ̀ bí ẹ kò bá tíì gba èyí;
– ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ tí sọ́fẹ́yọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ fọwọ́ sí;
– ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́;
– rìsíìtì owó ilẹ̀ tí ẹ ń san fún ìjọba lọ́dọọdún;
– àwòrán ilé yín nínú àti lóde, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á.

Bí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ sí yín pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀, ẹ má ṣe ya á, ẹ má sì ṣe jù ú nù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sí i, kí ẹ sì tètè bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ayálégbé kì í sábà ní ìpín nínú owó ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó ilé tí ó ti san ṣáájú lọ́wọ́ onílé. Nítorí náà, kí òun náà tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Ọjà àti iṣẹ́

Ìdíje a máa mú owó wọ ìlú, ṣùgbọ́n kì í wọ gbogbo àpò bákan náà. Àwọn àjọ àgbáyé a máa ta ẹ̀tọ́ ìpolówó fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíràn tajà nítòsí pápá tàbí kí ó lo àmì ìdíje. Ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2010, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké rí i pé ibi tí àwọn ti ń tajà tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ti di ibi tí àwọn kò lè dé mọ́. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń jíròrò ètò ni kí ẹgbẹ́ ọjà ti béèrè ibi tí àyè àwọn yóò wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó ti pẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó di olùyọ̀ǹda, tàbí tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lórí WhatsApp ní iye tí kò tó nǹkan, olè ni.

Lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ

Ìlú Montreal ní Canada gba Òlíḿpíìkì ní ọdún 1976; ọdún 2006 ni wọ́n tó san gbèsè pápá ńlá wọn tán. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún ìdíje ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún kí gbèsè náà tó kúrò lọ́rùn ìlú. London ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn: ibùgbé àwọn eléré ìdíje ọdún 2012 di ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù West Ham sì ń lo pápá ńlá náà láti ọdún 2016.

Ìrírí tiwa náà wà nítòsí. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ pápá ńlá sí Àbújá fún Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 2003, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kò fi bẹ́ẹ̀ wá sí Sùúrùlérè mọ́. Pápá tí Bayi àti Keino ti sáré, tí Ọdẹ́gbàmí ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójú gbogbo wa. Kò sí ẹni tí ó wó o. Àìlò àti àìtọ́jú ni ó bà á jẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ará ìlú kọ́kọ́ bi àwọn aṣojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ pé ìdíje ń bọ̀ ni èyí: ta ni yóò máa lo pápá yìí ní ọdún kẹwàá lẹ́yìn ìdíje, ta ni yóò sì máa san owó iná rẹ̀?

Ní kúkúrú

Bí ìdíje àgbáyé bá ń bọ̀ ní àdúgbò yín, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí. Ẹ lọ sí ìpàdé tí ìjọba ìbílẹ̀ bá pè, kí ẹ sì béèrè àwòrán ètò ọ̀nà tí wọn yóò tì. Ẹ tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ilé yín. Ẹ kó ìdọ̀tí sí ibi tó yẹ, kí ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà. Ẹ fún ọmọ yín ní àjẹsára tó yẹ. Ní ọjọ́ ìdíje, ẹ tètè jáde, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ èrò. Bí ìjàm̀bá, iná tàbí àìsàn òjijì bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ ó pè ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 tàbí 767.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìjọba lè kọ́ pápá, ó lè la ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìlú tí àlejò yóò rántí ni èyí tí ará ibẹ̀ ti múra sílẹ̀, tí nǹkan rẹ̀ kò sì bàjẹ́ nígbà tí àlejò ti padà sílé.